Ìbàdí Ẹ̀wù Ìgbéyàwó

"Ta ló rán èyí fún yín?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí aránṣọ náà bá káfíńtà sọ nìyẹn. Ó di ṣòkòtò tí ọkùnrin náà gbé wá mú ní ìbàdí. "Aṣọ gidi ni wọ́n fi ṣòfò báyìí."

"Èmi ni mo rán an."

"Ó hàn."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà wá, àga ló gbé dání, torí èyí tí aránṣọ ń jókòó lé ń mì. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, ikùn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Oúnjẹ díẹ̀ ló ń yó o, síbẹ̀ ó ní òun ń sanra ni. Ó ń tú ìbàdí ẹ̀wù ìgbéyàwó rẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́ sí i. Ìyá káfíńtà ti ń pè é ní ìyá ìkókó.

Dókítà ò bá wọn yọ̀. "Jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni. Tó bá wà nínú ilé ẹyin nìkan, ìpele kìíní ni. Tó bá ràn dé ilé ọmọ àti àyíká rẹ̀, ìkejì. Tiyín ti ràn mọ́ awọ inú ikùn, ìkẹta nìyẹn. Tó bá dé inú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ó di ìkẹrin. A máa ṣiṣẹ́ abẹ, a máa yọ ilé ẹyin àti ilé ọmọ, lẹ́yìn náà a máa fa oògùn sí yín lára láti pa èyí tó bá ṣẹ́kù."

"Ṣé ó máa lọ?" ni aránṣọ bi í.

"Ó ṣeé bá jà. Mi ò ní ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó tó. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde, aránṣọ ní fún káfíńtà, "Àyànfẹ́ mi, máa lọ. Mi ò lè bímọ fún ẹ mọ́."

"Ṣòkòtò ni mo gbé wá bá ẹ lọ́jọ́ kìíní. Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá káfíńtà wọra. "Ìwọ nìkan ni mo bí. Ta ló máa wá pè mí ní ìyá àgbà?"

"Màámi, ìyàwó mi nìyẹn. Tí ẹ ò bá wá, àga yín á wà lófìfo."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún aránṣọ, ṣùgbọ́n oògùn ṣì kù tí wọn yóò fà sí i lára. Oògùn náà ti mú kí irun orí rẹ̀ re tán. Ẹ̀wù náà wá fẹ̀ jù ú lọ, oògùn sì ti mú kí ìka rẹ̀ kú, kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Ìyá káfíńtà wọlé.

"Mo wá wò ó bóyá o máa bo orí yẹn."

"Mi ò ní bò ó, mà."

Ìyá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú lórí tábìlì.

"Gbé apá sókè, ìyàwó mi."

Ó ń ká ìbàdí ẹ̀wù náà wọlé, ó ń rán an. Nígbà tó rán an tán, ó na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì láti gé aṣọ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

"Ẹ má gé e, Màámi," ni aránṣọ wí. "Mo ṣì máa sanra."