Àmì Pupa Tí Ruqoyah Fi Sára Káàdì

"Fi àmì sí i jàre, ká lè rí nǹkan mìíràn ṣe," Muideen wí, ó sì na káàdì náà sí Ruqoyah.

Bírò pupa wà lọ́wọ́ Ruqoyah, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Wọ́n máa ń kọ apá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì kan, káàdì yìí ló sì gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí òun, Muideen àti Ládé ń ṣe fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ikosi. Bí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ ìwọ̀n ọmọ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sọ iye oògùn ibà tí ọmọ náà máa mu. Muideen ló ṣe apá yẹn. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ kọ́ ni yóò dán an wò. Ẹlòmíràn ni yóò dán an wò, tí yóò fi àmì pupa sí káàdì rẹ̀, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n kọ "Ó parí" sí lára ògiri.

"Bọ̀dá Muideen, mi ò tíì dán an wò," Ruqoyah wí.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe ni? Ta ló kọ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà?"

Òótọ́ kúkú ni. Muideen ti jáde ìwé mẹ́wàá, òun ló sì kọ́ Ruqoyah láti ìbẹ̀rẹ̀. Ládé, tí òun àti Ruqoyah jọ wà ní SS2, ti kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. "Abeg, Ruqo, má jẹ́ ká sùn síbí," ló wí. Ruqoyah fi àmì sí i. Kò ju kó fa bírò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo wọn jókòó yíká ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Kétu. Àǹtí Adédiwúrà, olùkọ́ wọn, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Mende. Ó ti ṣèlérí pé bí ilé ìwòsàn bá gba iṣẹ́ yìí, òun yóò mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbẹ̀ kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi. Lóru, Mende ni Ruqoyah máa ń rí lójú àlá.

"Kì í ṣe iṣẹ́ la fẹ́ yẹ̀ wò báyìí o," Àǹtí wí. "Bí a ṣe ń ṣe é ni. Kí ló ń ràn wá lọ́wọ́? Kí ló yẹ ká yí padà? Ṣé lóòótọ́ là ń dán iṣẹ́ ara wa wò?"

Ẹni tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó yìí. Àǹtí ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Ruqoyah ló kéré jù. Ó wo Muideen, Muideen wúkọ́ díẹ̀, ó sì ń wo òkè àjà.

"Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, ma," Ruqoyah wí.

Ẹ ò wá rí ọmọ yìí? Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló tì í.

Nígbà tí àwọn àti Àǹtí gbé iṣẹ́ náà dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná janjan. Nọ́ọ̀sì Ajarat gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n. "Kílò mẹ́jọ àtààbọ̀," ló wí. "Ó dáa, ti ọmọ yìí la ó fi bẹ̀rẹ̀." Ó fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀.

Ruqoyah ti rí Muideen tó tẹ kílò mẹ́wàá, ó ti rí i tó tẹ ogún. Kò rí i kó tẹ ààbọ̀ rí. Bóyá kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà ńkọ́? Ládé rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níkọ̀kọ̀.

"Ruqo, Mende o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí.

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti dé orí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ má tíì lò ó," Ruqoyah wí. "Èmi ni mo fi àmì sí i pé mo dán an wò. Mi ò dán an wò."

"Ẹ má dá a lóhùn, ma," Muideen sọ kíá. "Ojora ló ń mú un."

"Dákẹ́, Muideen." Àǹtí ti dìde. "Nọ́ọ̀sì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ká jọ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ ní nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì tẹ 8.5. Kọ̀ǹpútà kò ka àmì tó wà láàárín mẹ́jọ àti márùn-ún. Ó ka ọmọ ọwọ́ náà sí kílò márùndínláàdọ́rùn-ún, bí ẹni pé géńdé ọkùnrin ni. Ó ní kí wọ́n fún un ní oògùn ṣíbí kékeré mẹ́wàá.

Ìyá ọmọ náà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì Ajarat mú ìgò oògùn, ó fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀, ó sì da ṣíbí kékeré kan péré sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ náà fajú ro, ó gbé e mì.

"Èyí tó tó o nìyí," nọ́ọ̀sì wí, láìwo ojú wọn. "Ẹ bá mi kó nǹkan yín kúrò lórí tábìlì mi."

Nígbà tí wọ́n dé ìta, Ládé ń pòṣé. Muideen kẹ̀yìn sí wọn. Àǹtí kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọ̀rọ̀ Mende kò ṣeé ṣe mọ́ lọ́dún yìí, ó sì ní ẹ̀bi tòun náà wà níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ òun lòun gbọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun kò sì wádìí rẹ̀.

Omijé ń dà lójú Ruqoyah. "Mo ń bọ̀wọ̀ fún Bọ̀dá Muideen ni, ma."

"Mo mọ̀," Àǹtí wí. "Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́? Ta ló bọ̀wọ̀ fún òun?"

Muideen yíjú padà nígbà tó gbọ́ èyí. Ó gba báàgì tó wúwo lọ́wọ́ Ruqoyah, ó gbé e kọ́ èjìká, wọ́n sì jọ ń lọ.

Ruqoyah kò dé Mende lọ́dún yẹn, ó sì dùn ún gan-an. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá bi yín bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ sọ bó ṣe ń lọ gan-an, kódà bí ẹ̀gbọ́n yín yóò bá bínú. Ẹ sì sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá bi yín. Ruqoyah rí ààyè sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ti yára jù ú lọ díẹ̀ ni, ẹ̀pa kì bá bóró mọ́.