Ẹ Lọ Gba Lẹ́tà Wá

Dígí kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú wà ní iwájú orí ọkùnrin kan. Okùn dúdú ló fi so ó, ó sì jọ pé ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Bó ṣe jáde nílé nìyẹn, tó rìn kọjá lójú títì, tó sì wọ gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ńlá láàárín èrò. Akọ̀wé obìnrin tó jókòó lójú fèrèsé ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ẹ káàárọ̀ o. Dókítà ojú ni mo fẹ́ rí."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Lẹ́tà yín dà?"

"Lẹ́tà wo?"

"Ti ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Dókítà ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò, òun ló sì máa kọ̀wé pé ká gbà yín síbí. Láìsí i, mi ò lè ṣí fáìlì fún yín."

"Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu o. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń wo ibà àti ikọ́?"

"Ẹ lọ gba lẹ́tà wá, sà."

Gbólóhùn yìí ti yọ̀ mọ́ akọ̀wé lẹ́nu. Àwọn kan máa ń bẹ̀ ẹ́, àwọn kan á bú u, àwọn mìíràn á sì ní àwọn mọ ọ̀gá àgbà. Kò sí èyí tó ń mì ín. Ẹ̀rín ni eléyìí rín ní tiẹ̀.

"Ó dáa, Ìyá Fèrèsé. Màá padà wá. Ẹ má tíì ti fèrèsé yín o."

Ó yíjú padà, ó ń fi ọwọ́ kan tọ ògiri jáde. Ọwọ́ yẹn ni obìnrin náà gbé sọ́kàn délé. Bó ṣe ń dáná ló ń rò ó, bó ṣe sùn ló ń rò ó, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń rò ó.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, lẹ́tà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà àdúgbò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ti rí ohun tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ò mọ̀: àtọ̀gbẹ ni. Òun ló ti ń jẹ ojú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Mo ti múra láti wá bá yín jà," ó wí. "Dókítà yẹn ló ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Dókítà ojú wò ó, kò sì fọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Ojú òsì, tó máa ń fi dígí sí, ti kú, kò ní jí mọ́. Ti ọ̀tún á dúró, bó bá ń wá gba ìtọ́jú déédéé. Bí kò bá wá, òun náà á lọ. Ọkùnrin náà ròyìn rẹ̀ fún akọ̀wé bí ẹni ń ròyìn aago oníbàárà.

Bó ṣe di pé ó ń wá nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó gun orí àga, ó gbé aago ògiri inú gbọ̀ngàn tó ti dúró sọ̀ kalẹ̀, ó tú u, ó sì fi ojú kan ṣoṣo tún un ṣe. Àwọn aláìsàn pàtẹ́wọ́ fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, torí wọ́n ti wá mọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

"Aláago, ẹ ti kó bá mi," ni akọ̀wé wí.

"Ọjọ́ wo lẹ máa yéé pè mí ní 'ẹ̀yin'?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yéé pè mí ní Ìyá Fèrèsé."

"Ó ti tán. Olólùfẹ́ mi ńkọ́?"

Akọ̀wé fi fáìlì bojú. Nígbà tó máa gbé e kúrò, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí!" Ọ̀rọ̀ ti bù ṣe nìyẹn.

Ìyá akọ̀wé ni wọn ò tíì bá sọ ọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni kì í sì lọ bá a tààrà. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé tó ń ṣe onídìrí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá, bí ọ̀rọ̀ bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé e dé iwájú Màmá. Akọ̀wé ti ṣàlàyé èyí fún Aláago, ó tún ṣàlàyé rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Aláago wọ aṣọ tó dáa, ó lọ kan ilẹ̀kùn Màmá. Kó tó jókòó tán, ó ti ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, òun ní àtọ̀gbẹ, ojú òun kan sì ti lọ.

"Ta ló mú ẹ wá?" ni Màmá bi í.

Kò sí ẹni tó mú un wá. Màmá ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ.

"Ìwọ náà tí wọ́n dá padà lójú fèrèsé!" Akọ̀wé gbaná jẹ nígbà tó gbọ́. "Ṣé o ò lè ní sùúrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?"

"Ó ti sú mi kí n máa tò sẹ́yìn gbogbo ayé. Jẹ́ n lọ."

Ó sì lọ. Ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ pé, kò wá. Òmíràn tún pé, kò wá. Ẹ̀rù ba akọ̀wé débi pé kò lè jẹun. Nígbà tó yá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Aláago lọ. Ó bá a láàárín àwọn aago, ó káwọ́ gbera, kò ṣe nǹkan kan.

"O ò wá gba ìtọ́jú."

"Tí mo bá wá, ìwọ lo máa gba káàdì lọ́wọ́ mi. Mi ò lè fara dà á."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. "Tí o ò bá fẹ́ mi mọ́, kò burú. Màá ní kí ẹlòmíì máa jókòó lójú fèrèsé lọ́jọ́ tìẹ. Ṣáà wá, jọ̀ọ́. Wá tọ́jú ojú ẹ."

Aláago bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà lórí ìlà nílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò dá iṣẹ́ dúró. Bó ṣe ń di irun oníbàárà ló ń da ìbéèrè bò ó: ṣé ó ń mutí, ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀, ta ló ń se oúnjẹ fún un, ṣé obìnrin kan ò sí níbì kan? Ó ní òun kì í gbé ẹni tí òun ò tíì yẹ̀ wò lọ bá Màmá. Nígbà tó dirun tán, ó nuwọ́, ó ní, "Ó ṣeé gbé lọ."

Màmá gbà wọ́n ní pálọ̀. Ó gbọ́ tẹnu Ẹ̀gbọ́n tán, ó wá kọjú sí Aláago.

"Tí ọ̀kan tó kù yẹn náà bá lọ ńkọ́?"

"Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní lọ, Mà," ni Aláago fèsì. "Mo lè ṣèlérí pé mi ò ní pa ọjọ́ dókítà jẹ mọ́."

"Ìwọ ńkọ́?" Màmá bi ọmọ rẹ̀. "Ẹnu ẹ dà?"

Apá òsì Aláago ni wọ́n fi akọ̀wé jókòó sí, àtìgbà tí wọ́n sì ti dé ni ọkùnrin náà ti ń yí ọrùn kiri kó lè rí i. Obìnrin náà dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn Aláago kọjá, ó sì gbé e kalẹ̀ ní apá ọ̀tún.

"Ibí ni màá máa jókòó sí, Mà."

Màmá wò ó, ó wo àga, ó sì wo Aláago tó ti yanu sílẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ó wí fún un. "Bá a sún àga yẹn mọ́ ọ dáadáa."