Ẹni Tó Rí Ìkòkò Náà

Tíì inú ife Agbẹnusọ ti tutù kó tó rántí pé òun gbé e lọ́wọ́. Ibi àpérò àwọn awalẹ̀pìtàn ló wà. Yí i ká, àwọn àgbà onímọ̀ tó ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé ń na àwòrán kòtò àti àpáàdì síra wọn, bí òbí tó ń fi fọ́tò ọmọ tuntun yangàn.

Ẹnu ọmọbìnrin náà dùn bí oyin níbi ìdíje àríyànjiyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Agbẹnusọ nílé ìwé. Akólòlò ni ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ wá. Bó ṣe máa ń fara balẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́.

Àwọn bíríkìlà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá ìkàwé tuntun nílé ìwé wọn ló kọ́kọ́ kan àpáàdì nílẹ̀. Àbúrò ìyá Agbẹnusọ, tó jẹ́ awalẹ̀pìtàn, kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti bá wọn wa ilẹ̀ nígbà ìsinmi. Jẹ́jẹ́ ló rí ìkòkò kékeré kan tí àmì ìka ọmọdé wà lára rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà fọwọ́ tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Ìdí asẹ́ ni Agbẹnusọ wà lọ́jọ́ náà, tó ń jọ iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ti gbé ìkòkò jáde kó tó dé ibẹ̀. Nígbà tí àpérò sún mọ́lé, wọ́n fẹnu kò pé Agbẹnusọ ni yóò sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ yóò sì máa fi kọ̀ǹpútà gbé àwòrán sára ògiri.

Jẹ́jẹ́ ti wọlé lọ so kọ̀ǹpútà nígbà tí ọ̀gá obìnrin kan láti ilé ìkóhun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́ wá kí Agbẹnusọ nídìí tíì. Ó ní àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò bá àwọn wa ilẹ̀ ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹni tójú rẹ̀ mú bíi tẹni tó rí ìkòkò náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò dúró gbọ́ èsì, Agbẹnusọ náà kò sì sáré tẹ̀ lé e láti sọ pé òun kọ́ ló rí i.

Nígbà tó dórí pèpéle, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Àwọn ènìyàn ń mi orí pé ó dára. Ó tajú kán rí ọ̀gá obìnrin náà níwájú, ahọ́n rẹ̀ sì yọ̀. "Nígbà tí mo rí i," ló wí, "ọwọ́ mi ń gbọ̀n." Àtẹ́wọ́ sọ. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ dúró sójú kan lórí kọ̀ǹpútà.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́ sókè. "Ọmọ mi," ó ní, "nígbà tó o kàn án, ṣé ó dojú bolẹ̀ ni, àbí ó ṣíjú sókè?" Ó ṣàlàyé pé bó bá dojú bolẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Agbẹnusọ kò mọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó lè mọ̀ wà ní gbọ̀ngàn kejì, níbi tóun náà ti ń sọ̀rọ̀. "Ó dojú bolẹ̀ ni, mà," ló wí.

Inú ìyá àgbà dùn bíi kó fò. Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì kó sínú ọ̀rọ̀. Aṣọ à-tọrọ-bọ̀ kì í báni mu: bí Agbẹnusọ ṣe ń wò wọ́n, ara ń ni ín. Nígbà tó yíjú sídìí kọ̀ǹpútà, Jẹ́jẹ́ ti jáde.

Orí àtẹ̀gùn ló ti bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu òun. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ tán.

"Ó f-fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni," Jẹ́jẹ́ wí. "Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Tó bá ṣe pé ìkòkò nìkan lo g-gbà lọ́wọ́ mi, yóò dùn mí, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tó f-fìka tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Kò sí níbí tí yóò fi j-já ọ níyàn."

Agbẹnusọ béèrè ohun tí kò béèrè rí: "Ṣé wàá fẹ́ fẹnu ara rẹ sọ ọ́?"

Jẹ́jẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n padà wọlé. Agbẹnusọ bẹ alága pé kó fún òun láàyè díẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, irọ́ ni mo pa," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo rí i, mi ò sì mọ bó ṣe wà nílẹ̀. Ẹni tó rí i nìyí." Ó gbé máìkì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ há sí Jẹ́jẹ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo gbọ̀ngàn sì dúró dè é títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ìyá àgbà ní òkúta wẹ́wẹ́ yẹn lè fi hàn pé ohun ìṣeré tó ń dún bí ọmọ bá mì í ni ìkòkò náà. Òun àti Jẹ́jẹ́ jùmọ̀ rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ ni ilé ìkóhun ìṣẹ̀ǹbáyé mú. Ọ̀gá obìnrin náà sọ fún Agbẹnusọ, láìjágbe mọ́ ọn, pé ẹni tí a kò bá lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kò lè wa ilẹ̀ fáwọn. Nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ní ojú ti òun nítorí irọ́ náà, àmọ́ orí òun wú pé ó padà wọlé. Ẹkún ni Agbẹnusọ fi dáhùn.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Jẹ́jẹ́ tó tún jókòó tì í ní kíláàsì. Agbẹnusọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní òun kò ní gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Òtítọ́ tó pẹ́ kó tó délé ṣì sàn ju irọ́ tó fìdí jókòó lọ, Agbẹnusọ sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

"Mo ti gbọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹnu rẹ dùn, mi ò ní k-kó o panu mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti k-kan tèmi, dúró dè mí."