Igi Tí Kò Yẹ Kí Àlejò Gbìn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1978, Awawou ìyàwó mi kú ní Savè, ní ilẹ̀ Benin. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. Nígbà tí a sin ín, ó ku ọ̀sẹ̀ méje kí ìwé ilé tí a ń gbé parí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìwé náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni mo ń tà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá Alassane, ọmọ onílẹ̀, ló háyà yàrá méjì àti ìsọ̀ kan fún mi fún ọdún mẹ́wàá, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Faransé. Bí kò bá fi ọdún kún un, a ó kó jáde. Fàúsátù, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń múra ìdánwò BEPC oṣù kẹfà, èyí tí wọ́n fi ń parí ìpele àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mi ò mọ ibi tí a lè kó lọ tí yóò ti ráyè kàwé.

Gbogbo àlejò tó bá dé Savè ló ń gbọ́ òfin kan. O lè gbin iṣu, o lè gbin àgbàdo àti ata sórí ilẹ̀ onílẹ̀. O kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé ilẹ̀ náà di tòun àti tọmọ òun. Awawou mọ òfin yìí, ṣùgbọ́n ó rò pé ti oko nìkan ni, pé kò kan ẹ̀yìnkùlé láàárín ìlú. Ní ọdún márùn-ún ṣáájú ikú rẹ̀, ó gbin máńgòrò kan sẹ́yìn ilé, ó to òkúta yí i ká, omi ìfọṣọ rẹ̀ ló ń bù sí i. Ọdún tó kú yẹn gan-an ni igi náà kọ́kọ́ tanná.

Bàbá Alassane kò mọ̀. Oko rẹ̀ ní Kaboua ló ń gbé, Issa àbúrò rẹ̀ tó sì máa ń wá kì í kọjá ìsọ̀. Nígbà tó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ilé kí òun tó fọwọ́ sí ọdún tuntun, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Mo ronú láti gé igi náà, ṣùgbọ́n kùkùté kò ṣeé fi pamọ́. Fàúsátù sì máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kàwé ní ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi kò gbé e.

Àdìjá aránṣọ, aládùúgbò wa, ló fún mi nímọ̀ràn.

"Ẹ sọ pé kóró tí ẹ jẹ sọ nù ló hù. Igi ò lẹ́nu, olóògbé ò lẹ́nu. Ta ni yóò jẹ́rìí?"

Mo gbà. Mo kó àwọn òkúta náà kúrò, mo pe Fàúsátù, mo sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ní ilé wa, bí bàbá bá sọ̀rọ̀, ọmọ kì í jiyàn. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun gbà.

Wọ́n dé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Issa ló kọ́kọ́ rí igi náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ta gbòǹgbò. Bí a bá tún pẹ́ díẹ̀, àwa la máa wá háyà ilé lọ́wọ́ wọn."

Mo pa irọ́ mi bí mo ṣe múra rẹ̀. Bàbá Alassane kò wo ojú mi. Ó yíjú sí Fàúsátù, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá. Màmá mi ló gbìn ín. Kò gbìn ín láti gba ilẹ̀ yín. Ibòji ló ń wá. Ẹ má bínú sí i."

Ojú tì mí. Issa ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí a máa di ẹrù wa. Ó ní irọ́ mi ga ju igi náà lọ, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Issa, dákẹ́. Òkú ò lè gbèjà ara rẹ̀. Ọmọ tí kò fi ikú ìyá rẹ̀ bo irọ́ mọ́lẹ̀, mo lè fi ilé mi sọ́wọ́ rẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Lùkúmọ́nù, ìwọ ni mo háyà ilé fún tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọmọ rẹ ni mo fi ọdún kún un fún."

Òtítọ́ náà kò ṣàìgba nǹkan lọ́wọ́ wa. Kí inú Issa lè rọ̀, ọdún márùn-ún ni a rí gbà dípò mẹ́wàá, igi náà sì gbọ́dọ̀ wó lọ́jọ́ náà. Fàúsátù lọ mú àdá. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún mi.

"Ẹ jẹ́ kí n gé e, bàbá. Ẹ̀yin ẹ bá mi kó ẹ̀ka."

Títí oòrùn fi kàn wá lórí ló ń gé e. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé jáde, òun ló kà á, òun ló túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo wa, òun náà ló kọ ọdún márùn-ún náà sí i. Mi ò yìn ín. Mi ò mọ bí a ṣe ń yin ọmọ. Mo dìde lórí àga mi, mo ní kó jókòó síbẹ̀ kọ ọ́. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé wa. Ní oṣù kẹfà, ó yege.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá rán yín níṣẹ́ irọ́, ẹ má jẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá yín. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọmọ mi kò jẹ́ kí tèmi lọ tó wákàtí kan.

Ohun tí Awawou fi sílẹ̀ nìyí: àpótí aṣọ kan, àwo tánńganran mẹ́ta, àdògán kan, bàtà tí kò tíì wọ̀, tẹ̀súbà rẹ̀, àti Fàúsátù.