Àga Tó Wà Lẹ́bàá Fèrèsé

Ọjọ́ tí Ikram kọ́kọ́ wọ kíláàsì kọ̀ǹpútà tí Lásúnkànmí ń kọ́ ní Mówè, ẹ̀sùn ló fi kí i.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kọ̀ǹpútà gbogbo wa ló ní àwòrán lójú, tiyín nìkan ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lásúnkànmí náà rẹ́rìn-ín.

“Kò bàjẹ́. Ọ̀nà tí èèyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀yin ń wo àwòrán, ẹ ń fi máòsì tọ́ka sí i. Ti fóònù yín, ìka lẹ fi ń kàn án. Èmi ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó ń dá mi lóhùn. Bí ẹnì kan bá gbé àwòrán yín kúrò níbi tó wà, ẹ ó máa wá a kiri. Èmi kì í wá nǹkan kan. Màá pe orúkọ rẹ̀, á sì jẹ́ mi.”

“Àbẹ́ẹ̀ rí nǹkan! Ọ̀gá ń pe kọ̀ǹpútà bí ẹni ń pe ọmọ,” ni Ikram wí, ó sì jókòó.

Ohun tí Lásúnkànmí kò sọ ni pé àìsàn kan ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Lẹ́tà funfun ńláńlá lórí ojú kọ̀ǹpútà dúdú yẹn nìkan ló kù tó ń rí kà. Ó ń dá gbé yàrá kan ní Ìbafò, níbi tí kò ti sí ohùn mìíràn ju ti fóònù tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ sí i létí. Ó rò pé ó ti mọ́ òun lára.

Ikram ló tú àṣírí náà fó. Ó dúró lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó fi ìka nu máòsì tó wà lórí tábìlì Lásúnkànmí.

“Eruku ti bò ó. Ọ̀gá, ẹ ò ríran dáadáa, àbí?”

“Mo ń rí ìwọ̀nba.”

Ikram kò sọ pé ó ṣe òun láàánú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ibùdókọ̀. “Gọ́tà wà níwájú, ìfẹ́ mi,” ló wí, bí ẹni pé ó ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku Àlùhájì Olúgbádé, bàbá Ikram, tó ń ta pákó ní Ifọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ojú yín fún wọn kí ẹ tó dé,” ni Ikram bẹ̀ ẹ́.

“Rárá, àyànfẹ́ mi. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn mi ná. Ìwọ ṣáà sọ bí pálọ̀ yín ṣe rí, màá há a sórí.”

Ikram sọ ọ́ pẹ̀lú ìnira: ilẹ̀kùn, kápẹ́ẹ̀tì, àga ńlá bàbá rẹ̀ lápá òsì. Olùkọ́ wa há a sórí, ó sì gbàgbé ẹ̀kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ni.

Lọ́jọ́ náà, iná lọ. Ooru mú Àlùhájì, ó dìde, ó lọ jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, kò sì sọ fún ẹnì kan. Àbí ta ni èèyàn ń sọ irú ìyẹn fún nínú ilé ara rẹ̀? Lásúnkànmí wọlé, ó yíjú sí òsì, ó na gbalaja.

“Ẹ káàsán sà, bàbá wa.”

Ikọ́ kan dún lẹ́yìn rẹ̀.

“Ta ni ọmọ yìí ń kí? Àga?”

Lásúnkànmí sáré dìde, ó kọlu sítúùlù.

“Bàbá, ojú wọn ni…” Ikram bẹ̀rẹ̀.

“O mọ̀? O mọ̀, ẹ wá ń ṣe eré fún mi nínú ilé mi? Kó máa lọ!”

Lẹ́nu géètì, Ikram fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n sọ. Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́ lójú bàbá mi.”

Kò wá sí kíláàsì mọ́, kò sì gbé fóònù.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró. Ojú Lásúnkànmí ṣú tán, ojú dúdú kọ̀ǹpútà náà kò wúlò fún un mọ́, ó ku ohùn nìkan. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ló ń sáré gbé e. Ìpolówó ọjà ni. Ohùn inú fóònù kì í bínú, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í béèrè bóyá ó ti jẹun. Àárò Ikram sọ ọ́ dà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sílé àjèjì.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe pe fóònù pé kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún òun, ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn. Irin lásán, òun kì í tijú láti pè é. Kí ló dé tí òun tijú láti béèrè ibi tí èèyàn jókòó sí?

Ó mú ọ̀pá funfun tó fi ń wá ọ̀nà. “Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ Ifọ̀ dà?” Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ wúwo, ṣùgbọ́n abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, láti ẹnu dé ẹnu, ó dé ilé Àlùhájì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

“Àsàlámù aláékúùmù. Lásúnkànmí ni. Mi ò ríran mọ́, Àlùhájì. Mo tàn yín jẹ lọ́jọ́sí, mo sì mú ọmọ yín mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ wà, kí n lè kí yín?”

Ikọ́ Àlùhájì dún.

“Mo wà lẹ́bàá fèrèsé.”

Ó yíjú síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ṣé o rò pé torí ojú ni mo ṣe lé ọ?” ni Àlùhájì wí. “Ìyá tó bí mi kò ríran, èmi ni mo ń fà á lọ́wọ́ títí ó fi kú. Kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Lásúnkànmí gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sì mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà.

“Ikram,” ni Àlùhájì pè, “gbé àga wá fún un. Kí o sì sọ ibi tí o gbé e sí fún un.”