Ẹ̀gà Orí Igi Asofẹ́yẹjẹ

Yẹ̀kínì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, kò jí mọ́. Ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì bí ẹní gbé ìrọ̀rí, kò wúkọ́, kò bì, ó kàn tutù síbẹ̀. Ikú wá wọ ilé Dàwódù, onílé wọn, l'Ágége, kí ni wọ́n á ṣe? Wọ́n á wá àjẹ́ ni. Ibi tí ọgbọ́n wọn mọ nìyẹn.

Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Ìyá Shuaib ni, opó ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Igi kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó ń so èso pupa. Láti ìdájí ni ẹ̀gà ti máa ń bò ó, wọn ò jẹ́ ká gbọ́ ìpè ìrun. Fàúsát, ìyàwó Yẹ̀kínì, ló kọ́kọ́ figbe ta pé ìyá yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ fóun pé asofẹ́yẹjẹ lorúkọ igi náà. Wọ́n ní ẹ ò gbọ́ bí, ẹ̀jẹ̀ Yẹ̀kínì ló so tó ń fún ẹyẹ jẹ. Àwọn tí wọ́n bí sétí rélùwéè, tí wọn ò mọ ewé kan kọjá ẹ̀fọ́ ọbẹ̀. Àjẹ́ wo ló ń fi ẹ̀gà ṣe ẹyẹ?

Wòlíì Ezekiel gbé agogo dé, ó lóun náà rí igi ọ̀hún lójú ìran. Ìran kẹ̀? Ìdí igi yẹn ló máa ń tọ̀ sí. Ó ní kí wọ́n hú u, kí ìyá kẹ́rù jáde kílẹ̀ tó ṣú.

Ìyá ní, "Orúkọ tí wọ́n ti ń pè é kí wọ́n tó bí yín nìyẹn. Ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, àwa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wá oorun. Yẹ̀kínì ń ṣiṣẹ́ òru n'Íkẹjà, kì í rí oorun sùn lọ́sàn-án. Mo gé bíńtín fún ìyàwó rẹ̀, mo ní ṣíbí kan ni kó máa mu."

Dàwódù ti ki ọkọ́ bọ ilẹ̀. Àfi bó ṣe dúró lójijì. Apá kan ìdí igi ti ṣófo, ẹnì kan ti wa gbòǹgbò ibẹ̀ lọ, ó sì fi ewé bò ó.

Ìyá wojú opó tuntun. "Fàúsát, ṣé bíńtín tí mo fún ẹ lo sè?"

Fàúsát jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó kéré lójú mi, màmá. Mo ní tó bá pọ̀, á tètè sùn. Ìkòkò kan ni mo sè. Abọ́ ńlá ló mu."

Ó mọ̀ látọjọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà á tó fi ti arúgbó síwájú.

Wòlíì rọra ki agogo sábẹ́ aṣọ. Ẹ rò pé ojú tì wọ́n? Dàwódù ló nàka sí Fàúsát, "Áà, àṣé òun gan-an làjẹ́!" Wọ́n bá tún gbè é.

Ìyá Shuaib dúró síwájú ọmọbìnrin náà.

"Kì í ṣàjẹ́. Òmùgọ̀ bíi tiyín ni. Ẹ jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀."

Ó fà á lọ́wọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹrù.