Omi Ìwẹ̀ Àkànbí

Ní ọdún tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, wọlé, tí rédíò tuntun ń ké ní ojúlé gbogbo l'Ókòkómáíkò, Sàrátù na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wẹ Àkànbí ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́ta, ó sì ń kì í bí ìṣe rẹ̀ láràárọ̀. Àfi "gbùú!" nínú báàfù. Rédíò bàbá ọmọ ni. Àjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló jù ú síbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó ba ọmọ lórí.

Rájí, ọkọ rẹ̀, sáré jáde. "Ó tó gẹ́ẹ́! Sàrátù, di ẹrù Àjọkẹ́. Lọ́jọ́ Àtìnì, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Íṣẹ́yìn. Ẹgba ibẹ̀ á gba oríkunkun lọ́wọ́ ẹ̀."

Sàrátù ń sunkún, ó ń di ẹrù, nígbà tí Ìyá Fáòsíátù, ìyá onílé, tó gbọ́ ariwo, wọlé tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ìgbà wo ni Àjọkẹ́ máa ń ṣe irú èyí?"

"Gbogbo ìgbà ni, Ìyá. Ó fọ́ àwo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lánàá, ó da epo nù."

"Kí lò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó fọ́ àwo?"

"Mò ń wẹ ọmọ ni."

"Epo ńkọ́?"

Sàrátù jọ̀wọ́ ẹrù tó ń dì. "Mò ń wẹ ọmọ ni."

"Ibi tí ọmọ tó ń ké bá nawọ́ sí, bí ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ á wà níbẹ̀." Ìyá Fáòsíátù fa Àjọkẹ́ mọ́ra, ó bi í: "Ìyá mi, kí ló dé?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Wọn ò kì mí mọ́. Àkànbí nìkan ni wọ́n ń kì."

Ọ̀rọ̀ náà gún Sàrátù lọ́kàn. Láti ọjọ́ tó ti bímọ, "olóríkunkun" ló ti sọ di oríkì Àjọkẹ́.

"Ṣé kí n wá kí ẹni tó pa rédíò mi kú iṣẹ́ ni?" Rájí ń bínú.

"Ta ló ní o kí i? Kó nu rédíò, kó sì bẹ̀ ọ́, kó mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n ti gba àyè òun. Bí o bá lé e lọ, o ti sọ ẹ̀rù náà di òótọ́."

Rájí wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó tú ẹrù náà fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, Àjọkẹ́ ló ń di ọṣẹ mú, òun ni ìyá rẹ̀ sì ń kọ́kọ́ kì. Ìwà náà kò tán lọ́jọ́ kan. Ó já ọmọ léèékánná lẹ́ẹ̀kan, Sàrátù di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́: "Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ. Fẹnu sọ ọ́. A kì í fìyà jẹ ọmọ ọwọ́." Àjọkẹ́ nu rédíò, ó bẹ bàbá rẹ̀, àmọ́ rédíò ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú fèrèsé aládùúgbò ni Rájí ti ń gbọ́ ìròyìn láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó nawọ́ sí ẹgba, ẹ bèèrè ohun tó ṣáájú ìwà náà. Ẹ bá ọmọ wí, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ burúkú. Ọlọ́run á fún wa ní etí tí a ó fi gbọ́ ọmọ tí kò tíì lè rojọ́.